Gbàǹjo Inú Fóònù

Àwọn àgbà ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti jẹ́ òtítọ́ tó, kí ó dé ọjà Ìkàrẹ́ Àkókó ní ọjọ́ tí ọjà bá kún. Ibẹ̀ ni àwọn ará Ọ̀kà àti Àkùngbá ti ń pàdé àwọn tí ó ti Ọ̀wọ̀ àti Okene wá. Iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, obì àti aṣọ ni wọ́n ń tà fún ara wọn. Ìyá oníṣu kì í káwọ́ lẹ́rán kí ó máa wo ojú ọ̀run. Bí ó bá rí obìnrin tí ó pọn ọmọ, yóò kí i ní ìyá ọlọ́mọ, yóò sì ní kí ó wá wo iṣu tí ọmọ yóò jẹ tí yóò sùn. Bí ó bá rí àgbàlagbà ọkùnrin tí ó wọ agbádá, ohùn rẹ̀ yóò yí padà: "Bàbá, ẹ kú ọjà o. Iṣu tí wọ́n fi í gúnyán fún àlejò pàtàkì nìyí." Ohun tí ó sọ fún ẹni ìṣáájú kọ́ ni ó sọ fún ẹni ìkẹyìn, bẹ́ẹ̀ ni iṣu kan náà sì ni.

Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ìyá oníṣu mọ̀ nípa oníbàárà rẹ̀ kò ju ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ. Oníbàárà pẹ̀lú ń rí òun náà. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá dùn mọ́ onítọ̀hún nínú, ó lè dá a lóhùn, ó lè bú u pàápàá, ó sì lè bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Nígbà tí ọjà bá tú ní ìrọ̀lẹ́, kò sí ìwé kankan tí wọ́n kọ ọ́ sí pé obìnrin kan tí ó pọn ọmọ kọjá níbẹ̀, pé ó wo iṣu, kò sì rà á.

Nígbà tí ìwé ìròyìn dé, tí rédíò tẹ̀ lé e, tí tẹlifíṣọ̀n sì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1959, ìpolówó kúrò lẹ́nu ènìyàn, ó bọ́ sójú ìwé àti sínú ẹ̀rọ. Ó rìn jìnnà ju bí ohùn ìyá oníṣu ti lè rìn lọ, ṣùgbọ́n ó pàdánù ọgbọ́n rẹ̀. Olùkọ́ àti àgbẹ̀, ọmọdé àti arúgbó, ìpolówó kan náà ni gbogbo wọn ń rí. Ẹni tí ó san owó láti polówó ọṣẹ kò lè mọ ẹni tí ó rí i, kò sì lè mọ ẹni tí ó ṣí ìwé kọjá láìwò ó. Ìpolówó inú fóònù ni ó wá dá ọgbọ́n ìyá oníṣu padà. Ohun tí kò dá padà ni ojú rẹ̀.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ọ̀kà bá wo bàtà lórí fóònù ní alẹ́ òní, tí kò sì rà á, kí ó má ṣe yà á lẹ́nu bí bàtà náà bá tún yọ sí i ní òwúrọ̀ ọ̀la nígbà tí ó bá ń ka ìròyìn eré bọ́ọ̀lù. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó jókòó tì í, tí ó ń ka ìròyìn kan náà, lè máà rí bàtà rárá. Ó lè jẹ́ ìwé ìdánwò tàbí ìpara ni wọn yóò fi hàn án. Àwọn kan a máa sọ pé fóònù ń dẹtí sí ọ̀rọ̀ ẹni. Àwọn mìíràn a ní oògùn ni. Kì í ṣe oògùn, kò sì di ìgbà tí ẹ̀rọ bá dẹtí sí ẹnikẹ́ni, nítorí pé ohun tí ènìyàn ń fi ìka ara rẹ̀ tẹ̀ ti tó o gbọ́. Gbàǹjo ni ó ṣẹlẹ̀.

Kò sí ẹni tí kò mọ gbàǹjo. Bí ilé-ẹjọ́ bá gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ajigbèsè, wọn a gbé e sí gbangba, ẹni tí ń tà á a máa kígbe iye owó, àwọn olùrà a máa fi kún un, ẹni tí owó rẹ̀ bá ga jù lọ a sì gbé ọkọ̀ náà lọ sílé. Nínú fóònù akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀kà yìí, ohun tí wọ́n gbé síta ni àyè kékeré kan tí ó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìròyìn bọ́ọ̀lù. Àyè lásán kò níye lórí. Ojú akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò wò ó ni ọjà.

Bí ó ti ń lọ nìyí. Bí ó ti tẹ ojú-ewé ìròyìn náà báyìí, kí ọ̀rọ̀ tó hàn tán, ojú-ewé ti ránṣẹ́ sí alágbàtà tí ń bá oníwèé ìròyìn ta àyè. Alágbàtà yìí kì í ṣe ènìyàn. Kọ̀ǹpútà ni, ó sì lè wà ní ilẹ̀ òkèèrè. Òun ni yóò kọ ìwé kékeré kan nípa ẹni tí ó ṣí ojú-ewé: irú fóònù tí ó ń lò, èdè tí ó fi fóònù náà sí, agbègbè tí ó wà, ohun tí ó ń kà, wákàtí tí ó ń kà á, àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan tí ó ń fi hàn pé fóònù yìí náà ni ó wo bàtà lánàá. Kì í sábà kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ibi tí ènìyàn ń sùn, tí ó mọ ohun tí ó ń kà àti ohun tí ó ń wá kiri, kí ni ó tún fẹ́ fi orúkọ ṣe?

Ìwé yìí dé ọjà gbàǹjo, ọjà gbàǹjo sì há a fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ alágbàtà mìíràn lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tí ń bá oníṣòwò ra àyè. Àwọn wọ̀nyí pẹ̀lú, kọ̀ǹpútà ni wọ́n. Olúkúlùkù yẹ ìwé tirẹ̀ wò, ó sì wo inú àkójọ tí ó ní nílé bóyá ó mọ nọ́ńbà náà. Èyí tí ń ṣiṣẹ́ fún oníbàtà mọ̀ ọ́n. Ó dá owó tí ó jọjú. Èyí tí ń ṣiṣẹ́ fún ilé ìfowópamọ́ rò pé ọmọ ilé-ìwé ni. Ó dá táṣẹ́rẹ́. Àwọn tí ó pọ̀ jù kò dá kọ́bọ̀. Oníbàtà borí, bàtà sì yọ. Láti ìgbà tí ìwé jáde títí èsì fi padà, àkókò tí wọ́n máa ń fún àwọn olùrà kì í sábà ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kò tíì ṣẹ́jú tán kí wọ́n tó ta ojú rẹ̀ tán.

Kíkọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ, ó sì yẹ kí ẹni tí ó ń kọ́ ìṣirò ní ilé-ìwé fi ọkàn sí i. Nítorí pé àkókò kúrú, àwọn tí ń kọ́ ọ a máa gbé kọ̀ǹpútà wọn sí ibi tí kò jìnnà sí ọjà gbàǹjo, kí ìránṣẹ́ má baà pẹ́ lọ́nà. Wọn a sì tọ́jú ohun tí wọ́n mọ̀ nípa nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sí ibi tí ọwọ́ ti lè yá tó o, gẹ́gẹ́ bí ìyá olóúnjẹ tí ó ti se ọbẹ̀ sílẹ̀ kí oníbàárà tó wọlé. Lẹ́yìn èyí ni ìṣirò kàn. Bí ẹ̀rọ bá rò pé nínú 1,000 ènìyàn bí èyí, 2 ni yóò tẹ ìpolówó bàtà, tí títẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì tó 50 náírà lójú oníbàtà, a jẹ́ pé 1,000 ojú tó 100 náírà. Ojú kan ṣoṣo nínú wọn kò ju kọ́bọ̀ 10 lọ. Nígbà gbogbo tí ẹnìkan bá tẹ ìpolówó, tàbí tí kò tẹ̀ ẹ́, ni ẹ̀rọ ń fi ìyẹn kọ́gbọ́n, tí ó sì ń tún ìṣirò rẹ̀ ṣe fún ti ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó tún ní láti máa ṣọ́ owó oníbàtà lò, kí owó ọjọ́ kan má baà tán ní òwúrọ̀ kùtùkùtù nígbà tí àwọn tí yóò rà á kò tíì jí.

Ẹ̀rọ náà a sì máa ṣìnà. Ẹni tí ó wà ní Ọ̀kà lè di ará Èkó lójú rẹ̀, nítorí pé íntánẹ́ẹ̀tì orí fóònù lè gba Èkó kọjá kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ. Ó lè jẹ́ nítorí ìyẹn ni ìpolówó ilé gbígbé ní Lẹ́kí fi ń tọ àgbẹ̀ kan lẹ́yìn dé oko rẹ̀ lẹ́sẹ̀ òkè Ọ̀kà. Ẹni tí ó bá rí i a rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ orí ọjà yìí kò pọ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1994 ni HotWired, ìwé ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ní Amẹ́ríkà, gbé àwọn ìpolówó alápótí àkọ́kọ́ sójú-ewé rẹ̀. Ní ọdún kan náà ni ọ̀gbẹ́ni Lou Montulli, ní ilé-iṣẹ́ Netscape, ṣe àmì kékeré tí wọ́n ń pè ní kúkì, kí ojú-ewé ìtajà lè rántí ohun tí oníbàárà ti kó sínú apẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó ṣe kò burú. Ìrántí oníbàárà ni. Àwọn ẹlòmíràn ni ó wá sọ àmì náà di ohun tí wọ́n fi ń tọpasẹ̀ ènìyàn láti ojú-ewé kan dé èkejì. Ní ọdún 2007 Google gbà láti ra DoubleClick, ilé-iṣẹ́ ìpolówó, ní 3.1 bílíọ̀nù dọ́là, rírà náà sì parí ní ọdún 2008. Ní nǹkan bí ọdún 2009 ni gbàǹjo ojú-ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbilẹ̀.

Ọgbọ́n gbàǹjo náà ti wà nílẹ̀ ṣáájú kọ̀ǹpútà inú àpò. Ní ọdún 1961 ni William Vickrey, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ètò ọrọ̀-ajé ní Yunifásítì Columbia, kọ ìwé lórí gbàǹjo kan tí olúkúlùkù yóò dá owó tirẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, tí ẹni tí owó rẹ̀ ga jù yóò gba ọjà, ṣùgbọ́n tí yóò san iye tí ẹnìkejì rẹ̀ dá. Bí mẹ́ta bá fẹ́ ra òkìtì iṣu kan, tí èkínní dá 5,000 náírà, tí èkejì dá 4,500, tí ẹ̀kẹta sì dá 3,000, èkínní ni yóò kó iṣu lọ, 4,500 náírà ni yóò sì san. Báyìí kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi pa irọ́ nípa iye tí iṣu náà tó lójú rẹ̀. Wọ́n fún Vickrey ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1996. Ó ṣeni láàánú pé ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìkéde náà ni ó kú. Ọ̀nà tirẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ọjà gbàǹjo ìpolówó kọ́kọ́ gbà. Nígbà tí ó di ọdún 2019, Google yí tirẹ̀ padà: ẹni tí ó bá borí ń san gbogbo ohun tí ó dá.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń sọ pé ọjà yìí kò ní àléébù tí ó tó nǹkan, ọ̀rọ̀ wọn kò sì yẹ ní fífọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní owó ìpolówó ni ó jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀kà lè ka ìròyìn láìsan kọ́bọ̀. Òtítọ́ ni. Wọ́n ní ìyá tí ń ta èlùbọ́ ní Ìkàrẹ́ lè fi owó tí kò tó owó ọkọ̀ lọ sí Èkó polówó èlùbọ́ rẹ̀ fún àwọn ará Èkó tí wọ́n fẹ́ràn àmàlà, láìbẹ oníwèé ìròyìn kankan. Òtítọ́ ni èyí náà. Láyé ìjọ́un, ilé-iṣẹ́ ńlá nìkan ni ó lè ra ojú ìwé ìròyìn.

Síbẹ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ wọn kù sí ni pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ olùtà, wọ́n ń sọ̀rọ̀ olùrà, wọn kò sọ̀rọ̀ ohun tí wọ́n ń tà. Iṣu kò mọ̀ pé wọ́n ń ta òun. Ènìyàn kì í ṣe iṣu. Nígbà tí ìwé kékeré yẹn jáde láti inú fóònù akẹ́kọ̀ọ́, kì í ṣe oníbàtà tí ó borí nìkan ni ó kà á. Gbogbo àwọn tí wọ́n há a fún ni ó kà á, àti àwọn tí ó pàdánù àti àwọn tí kò dá kọ́bọ̀. Ẹni tí ó lọ sí gbàǹjo ọkọ̀ tí kò rí ọkọ̀ rà, ọwọ́ òfo ni ó bá padà sílé. Ẹni tí ó pàdánù ní gbàǹjo yìí kò padà lọ́wọ́ òfo. Ó ti mọ ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ wà àti ohun tí ó ń kà. Bí ó bá fẹ́ pa á mọ́, ta ni yóò rí i tí yóò dá a dúró? Nítorí kọ́bọ̀ mélòó kan ni ọ̀rọ̀ náà ṣe tàn kálẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ kò sì sí níbẹ̀.

Olùtà àti olùrà pàápàá, ojú wọn kò mọ́lẹ̀ tó. Ní ọdún 2020, ẹgbẹ́ àwọn olùpolówó ọjà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ISBA, ní kí àwọn aṣírò-owó PwC tọpasẹ̀ owó ìpolówó láti ọwọ́ oníṣòwò dé ọwọ́ oníwèé ìròyìn. Nínú 100 pọ́n-ùn tí oníṣòwò ná, 51 ni ó dé ọwọ́ oníwèé ìròyìn. Àwọn alágbàtà àti àwọn elẹ́rọ mìíràn ni ó mú púpọ̀ nínú ìyókù, ṣùgbọ́n 15 wà nínú rẹ̀ tí àwọn aṣírò-owó náà kò lè sọ ibi tí ó wọlé sí. Ohun mìíràn tún wà. Bí ẹnìkan ṣoṣo ní ọjà Ìkàrẹ́ bá jẹ́ alágbàtà olùtà, tí ó tún jẹ́ alágbàtà olùrà, tí ó sì tún ni ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ná an, ariwo yóò ti sọ kí oòrùn tó kan àtàrí. Nínú ọjà gbàǹjo inú fóònù, ọ̀pọ̀ ọdún ni ó gbà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025 ni adájọ́ Leonie Brinkema, ní ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà, ṣẹ̀ṣẹ̀ dájọ́ pé Google ti fi ọ̀nà tí kò bófin mu gba àkóso ọjà gbàǹjo àti ti ẹ̀rọ tí àwọn oníwèé ìròyìn fi ń ta àyè wọn. Google kò gbà, ó ní òun yóò pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Bí ìyá oníṣu bá ta iṣu jíjẹrà fún ènìyàn, ọjọ́ ọjà tí ó bá tẹ̀ lé e ni ẹni náà yóò bá a níbi ìsọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó fi ìpolówó orí fóònù tan ènìyàn jẹ kò ní ìsọ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí kò fi tọ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ọgbọ́n orí oníkálukú. Iṣẹ́ òfin ni. Ilẹ̀ Nàìjíríà kò sì káwọ́ gbera. Òfin ọdún 2022 tí ó dá àjọ ARCON sílẹ̀ fún un ní àṣẹ lórí ìpolówó ọjà, ní oṣù Kẹwàá ọdún náà sì ni ó pe Meta, tí ó ni Facebook, lẹ́jọ́ fún 30 bílíọ̀nù náírà, pé ó ń gbé ìpolówó jáde fún àwọn ará Nàìjíríà láìjẹ́ kí àjọ náà kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Òfin tí ó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa ènìyàn jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2023. Ó fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ kí wọ́n má ṣe lo ọ̀rọ̀ òun láti polówó ọjà fún òun, ó sì ní òbí tàbí alágbàtọ́ ni ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i bí ó bá jẹ́ ọmọdé ni ó ni ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù Keje ọdún 2024, àjọ FCCPC, tí ń gbèjà àwọn oníbàárà, bu ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta lórí ọ̀nà tí ó gbà ń lo ọ̀rọ̀ àwọn ará Nàìjíríà. Ilé ìgbẹ́jọ́ fara mọ́ ìdájọ́ náà ní oṣù Kẹrin ọdún 2025.

Àwọn tí ó ń sọ pé kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí dùn kò tíì rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2021. Ní ọdún náà ni Apple mú kí fóònù rẹ̀ máa bi ẹni tí ó ni ín léèrè, bóyá ó gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ máa tọpasẹ̀ òun kiri. Ìbéèrè kan péré ni, èsì rẹ̀ kò sì ju bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ. Ògọ̀ọ̀rọ̀ ènìyàn ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, Meta fúnra rẹ̀ sọ pé ohun tí àyípadà náà yóò mú kúrò nínú owó tí yóò wọlé fún òun lọ́dún náà yóò tó nǹkan bí 10 bílíọ̀nù dọ́là. Àwọn fóònù Android tí ó wọ́pọ̀ jù ní Nàìjíríà kì í béèrè lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ pa nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìpolówó rẹ́ lórí wọn ní láti wá inú ètò fóònù náà lọ fúnra rẹ̀, sí ibi tí wọ́n kọ Privacy sí, kí ó tún wá Ads níbẹ̀, kí ó sì tẹ ibi tí yóò ti pa á rẹ́. Ọ̀nà náà wà nínú fóònù akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀kà pẹ̀lú.